Pọ́ùn kan lórí ẹnì kan: bí eré ọ̀fẹ́ ṣe kógbá kúrò nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, káńsù àdúgbò kan ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn England dìbò lórí ọ̀rọ̀ kan tó jọ ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ: ṣé kí àwọn tó ń sáré nínú ọgbà ìgbafẹ́ wọn ní àárọ̀ Sátidé máa san owó? Káńsẹ́lọ̀ mẹ́fà ní kí wọ́n máa san, mẹ́rin ní rárá. Iye tó wà nílẹ̀ kò ju pọ́ùn kan lọ lórí ẹnì kan. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìbò náà tí eré ọ̀hún kógbá wọlé pátápátá, tí ariwo rẹ̀ sì dé etí ìjọba ní London. A ò ní dárúkọ ọgbà náà, a ò sì ní dárúkọ káńsù náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi tí èrò bá ti ń pàdé láti sáré lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn.

Parkrun ni eré tí à ń wí. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2004 ló bẹ̀rẹ̀ ní Bushy Park, lẹ́bàá Teddington ní London, nígbà tí Paul Sinton-Hewitt, ẹni tó fara pa tí kò lè sáré bó ṣe máa ń sáré, kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ. Ènìyàn 13 ló sáré lọ́jọ́ náà. Wọ́ṣà, òrùka irin pẹlẹbẹ tí mẹkáníìkì ń fi sábẹ́ nọ́ọ̀tì, ni wọ́n tẹ nọ́ńbà sí níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, òun ni wọ́n ń há fún àwọn tó bá dé òpin kí wọ́n lè mọ ẹni tó ṣíwájú àti ẹni tó tẹ̀lé e. Ìlànà rẹ̀ kò pọ̀: kìlómítà 5, gbogbo Sátidé, aago 9 àárọ̀ ní England, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kópa á forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí ìkànnì wọn, wọ́n á fún un ní báàkóòdù, báàkóòdù yẹn náà ni yóò sì máa lò títí láé ní ọgbà yòówù tó bá dé. Kò sí ẹni tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, wọn kì í lẹ nọ́ńbà mọ́ ènìyàn láyà, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń lé pé ó pẹ́ jù. Àwọn ará wa tó ń gbé ní Peckham mọ bí ó ṣe ń lọ, torí wọ́n ń ṣe é ní Peckham Rye. Ẹni tó fẹ́ sáré á sáré, ẹni tó fẹ́ rìn á rìn.

Nínú ọgbà tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, ọdún 2012 ni eré náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2016, nǹkan bí ènìyàn 300 ló ń wá lọ́sẹ̀.

Àwọn tó ń dá irú eré yìí sílẹ̀ sábà máa ń yọ̀ sí iye yẹn, wọn kì í sì í fara balẹ̀ ṣírò ohun tó ń bá a rìn. Ọgbọ̀n ènìyàn tó ń sáré nínú ọgbà kò yàtọ̀ sí ọgbọ̀n ènìyàn tó wá gba afẹ́fẹ́. Kò sẹ́ni tó máa kíyè sí wọn. Ọ̀ọ́dúnrún kì í ṣe ọgbọ̀n lọ́nà mẹ́wàá lásán, ìwà tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni. Ká sọ pé ènìyàn méjì ló ń wọ ọkọ̀ kan wá: ọkọ̀ 150 nìyẹn, gbogbo wọn á dé láàárín aago 8:35 sí 8:55, wọn ò sì ní kúrò títí aago 10 yóò fi kọjá. Ọgbà àdúgbò tí kò tóbi kì í ní àyè ìgbọ́kọ̀sí tó tó bẹ́ẹ̀. Màmá tó ń kó ọmọ bọ̀ wá ṣeré, bàbá tó mú ajá rẹ̀ wá, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó ti sanwó pápá, gbogbo wọn á dé, wọn ò ní rí ibi tí wọ́n máa gbọ́kọ̀ sí. Ní ti ẹsẹ̀, tí ọ̀nà eré bá jẹ́ yípo mẹ́ta, ènìyàn 300 túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ á gba igun kọ̀ọ̀kan kọjá nígbà 900 láàárín ìṣẹ́jú 50. Ọ̀dà tí wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà kò bẹ̀rù bàtà púpọ̀, omi, gbòǹgbò igi àti ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ọgbà ló ń bà á jẹ́ jù. Etí ọ̀nà ló ń jìyà. Ẹni tó fẹ́ yọ ẹni tó wà níwájú sílẹ̀ á bọ́ sórí koríko, ẹni ẹ̀yìn á tẹ̀lé e, tó bá sì fi máa di oṣù Kìíní, koríko ti lọ, ẹrẹ̀ ti dé. Ẹrẹ̀ náà ni ará àdúgbò ń fojú rí ní Mọ́ńdè tí kò sí asáré kankan nítòsí mọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé káńsù náà kàn ń wá wàhálà ni kò tíì tọ́jú ọgbà rí. Ohun tí wọ́n sọ ní gbangba ni pé ojú ọ̀nà ń bàjẹ́, pé ibi ìgbọ́kọ̀sí ń kún, pé àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tó ń lo ọgbà náà ń sanwó, àti pé kò tọ́ kí owó orí àwọn onílé àdúgbò nìkan máa tún ohun tí àwọn ará ibòmíràn ń lò ṣe. Irú káńsù yìí ló kéré jù nínú ètò ìjọba England. Owó díẹ̀ tí wọ́n fi kún owó orí ilé ni wọ́n ń ná. Ènìyàn 300, pọ́ùn kan, ọ̀sẹ̀ 50: pọ́ùn 15,000 nìyẹn lọ́dún. Lójú ẹni tó ń fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣọ́ pápá, ìyẹn kì í ṣe owó ìpápánu.

Wọ́n kọ́kọ́ ní kí parkrun fi nǹkan ran àtúnṣe ọgbà lọ́wọ́. Parkrun kọ̀. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ọ̀fẹ́ ni ìpìlẹ̀ eré náà, bí ọgbà kan bá sì gba pọ́ùn kan, gbogbo káńsù tó kù yóò tẹ́ àwo. Ìdí yẹn múná dóko. Àmọ́ ìdí mìíràn wà tí kò gbajúmọ̀ nínú ariwo ìgbà náà, òun gan-an ló sì yẹ kí oníṣẹ́, ìyẹn ẹni tó ń ṣètò irú eré yìí, mọ̀: ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe eré yìí kò ní ibi kankan tí ènìyàn lè dúró sí gba owó. Ẹ jẹ́ ká tọ àárọ̀ Sátidé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ká wò ó.

Bí aago 8 ṣe ń lù, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ti dé. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta á gbé kóònù àti àmì ọfà yí ọ̀nà ká, wọ́n á na okùn sára igi kéékèèké níbi òpin kó lè di ọ̀nà tóóró tí ènìyàn kan ṣoṣo lè gbà. Lágogo 8:45, ẹnì kan á kó àwọn tó wá fún ìgbà àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ṣàlàyé fún wọn. Ní 8:55, olùdarí eré á bá gbogbo èrò sọ̀rọ̀: ẹ ṣọ́ra fún ọmọdé, ibí yìí ń yọ̀, ẹ má gbé báàkóòdù yín sílé. Lágogo 9, ó parí, wọ́n ti gbéra. Kò sí géètì, kò sí okùn ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó pẹ́ á kàn dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn, ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ rárá lè sá a tán, kò kàn ní rí àkókò rẹ̀ lórí ìkànnì ni.

Ibi òpin ni iṣẹ́ wà. Aláago dúró síbi ìlà pẹ̀lú aago tí ń ka ìṣẹ́jú. Kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, títẹ̀ lásán ni tirẹ̀: ẹnì kan kọjá, ó tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn kọjá, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ní lọ́wọ́ nígbà tí eré bá parí ni àkókò 300 tó tò tẹ̀léra wọn. Ní ìdí okùn tóóró yẹn lọ́hùn-ún, ẹlòmíràn ń há káàdì ike kékeré tó ní nọ́ńbà ipò lára: 1, 2, 3, títí lọ. Asáré á gba káàdì rẹ̀, á mú un lọ bá ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ka báàkóòdù. Báàkóòdù asáré kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ti káàdì. Kọ̀ǹpútà ló máa so àkókò ẹlẹ́ẹ̀kẹtàdínlógójì mọ́ ẹni tó gba káàdì 37. Gbogbo ètò náà dúró lórí ohun kan ṣoṣo: bí àwọn ènìyàn ṣe kọjá níwájú aláago náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ tò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń há káàdì.

Wàyí o, níbi tí èrò bá ti tó 300, àárín ìṣẹ́jú 26 sí 32 ni wọ́n ń ya dé. Ènìyàn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lè kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹnì kan bá bọ́ sábẹ́ okùn jáde láìgba káàdì, ipò gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yí nìyẹn: ẹni 141 á gba àkókò ẹni 140, ẹni 142 á gba ti 141, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a lọ dé ìgbẹ̀yìn. Bí aláago bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì fún ẹnì kan, aburú kan náà ni. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń fi ẹnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń kọ sórí bébà pé, nígbà tí aago sọ 150, káàdì tí wọ́n há jẹ́ 148. Bébà yẹn ló ń jẹ́ kí ẹni tó ń ṣètò èsì lọ́sàn-án mọ ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Èsì tí kò sí nǹkan báyìí lẹ́yìn rẹ̀, àfojúbù lásán ni.

Ibo wá ni ẹni tó ń gba pọ́ùn kan máa dúró sí? Kì í ṣe inú okùn: ìdádúró ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta níbẹ̀ á jẹ́ kí ìlà rọ́ padà dé ọ̀dọ̀ aláago, èsì á sì dàrú. Lẹ́yìn okùn ńkọ́? Àwọn tí kò bìkítà nípa àkókò wọn kì í dé ibẹ̀, ilé ni wọ́n ń gbà lọ tààrà, ẹni tó mú báàkóòdù wá nìkan ló máa sanwó, ìyẹn ni pé ẹni tó tẹ̀lé ìlànà ni ìyà á jẹ. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ wá ńkọ́? Bí gbígba owó lọ́wọ́ ẹnì kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ènìyàn 300 á gba ẹnì kan ní ìṣẹ́jú 25. Ẹni mẹ́ta á ṣe é ní bíi mẹ́jọ, tí gbogbo wọn bá mú ṣéńjì lọ́wọ́, tí gbogbo wọn sì tètè dé, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí Sátidé ti ń jẹ́ Sátidé. Ó tún ku ohun tí yóò fi ẹni tó sanwó hàn yàtọ̀ sí ẹni tí kò san, ẹni tó máa lé ẹni tí kò san jáde láti inú ọgbà tí gbogbo ayé ní ẹ̀tọ́ láti wọ̀, àti ẹni tó máa tọ́jú owó nígbà tó jẹ́ pé àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí yìnyín bá sì fagi lé eré ní aago 8:40, ta ló máa dá owó padà?

Èyí tó wúwo jù nínú wọn kò ṣeé fojú rí. Lọ́jọ́ tí mo bá gba pọ́ùn kan lọ́wọ́ rẹ, o ti di oníbàárà mi. Oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti bínú pé ẹrẹ̀ pọ̀ jù, pé àkókò òun kò pé, pé ẹni tó dúró nígun kò rẹ́rìn-ín sí òun. Ẹni tó dúró nígun láti aago 8:50 nínú òjò ń ṣe é nítorí pé gbogbo wọn jọ ni ín ni, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó ń sáré lónìí ló máa dúró níbẹ̀. Bí owó bá ti wọ àárín, onítọ̀hún á béèrè pé, èló ni tèmi níbẹ̀? Ìjókòó ìpàdé ìdìbò kọ́ ni wọ́n ti ń ṣàlàyé irú nǹkan báyìí fún káńsẹ́lọ̀ tí kò dé ibi òpin eré rí. Aago 9:20 ní Sátidé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, ni ó dára jù láti fi hàn án.

Ìbò mẹ́fà sí mẹ́rin yẹn ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀, torí ó jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni méjì péré ni. Bí ẹni méjì nínú mẹ́fà bá ti rí ọ̀nà mìíràn láti yanjú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà, eré ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá ka ohun tí ẹgbẹ́ méjèèjì ń sọ ní gbangba nígbà náà, á rí i pé wọn ò dá ara wọn lóhùn rárá. Káńsù ń sọ̀rọ̀ ọ̀dà àti ọkọ̀. Àwọn asáré ń sọ̀rọ̀ ìlera, ọmọdé, àgbàlagbà, àti ẹni tí kò lágbára láti san owó ilé ìdárayá. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlera kì í tún ọ̀nà ṣe. Ẹni tó wá sọ pé ibi ìgbọ́kọ̀sí òun kún, tí a dá a lóhùn pé eré sísá ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù, inú á bí i.

Lẹ́yìn ìbò, ọ̀rọ̀ di ti gbogbo ayé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn oníròyìn dé, wọ́n ní káńsù yìí ni àkọ́kọ́ tó máa bu owó lé parkrun láyé. Ariwo yẹn mú kí orúkọ parkrun rìn jìnnà, àmọ́ kò mú káńsù yí ohùn padà. Ẹni tí gbogbo ayé ń bú kì í sábà tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbé yẹ̀ wò, á dì í mú ṣinṣin sí i ni. Parkrun náà kò sì lè yẹ̀: pọ́ùn kan níbẹ̀ ni pọ́ùn kan níbi gbogbo. Wọ́n pa eré náà rẹ́, àwọn asáré fọ́n ká sí ọgbà mìíràn, wọ́n sì kó ọkọ̀ wọn lọ síbẹ̀. Pọ́ùn 15,000 tí wọ́n ṣírò kò wọlé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, ìjọba gbé ìwé síta pé kí ará ìlú sọ èrò wọn lórí bóyá kí òfin dí káńsù lọ́wọ́ láti máa gba owó lórí irú eré bẹ́ẹ̀.

Kí ló kù tí oníṣẹ́ lè mú lò níbẹ̀? Àkọ́kọ́ ni pé kí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣíwájú ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà, torí ọkọ̀ ló ń bí ará àdúgbò nínú. Ẹ ka ọkọ̀ ní 8:30, 8:55, 9:30 àti 10 fún Sátidé mẹ́rin léraléra, ẹ ya èyí tó jẹ́ ti asáré sọ́tọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Bí àyè bá ń kún ní 8:45, ẹ wá ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìtajà tí kì í ṣí kí aago 10 tó lù, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sójú ìwé eré yín pé ibẹ̀ ni kí wọ́n máa gbọ́kọ̀ sí. Ẹ fi àyè 20 tó sún mọ́ ibi ìṣeré ọmọdé sílẹ̀, kí olùyọ̀ǹda kan dúró níbẹ̀ pẹ̀lú kóònù. Ìdúró onítọ̀hún fún ìṣẹ́jú 25 péré ń pa ẹjọ́ púpọ̀ tì.

Ní ti ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí igun kan ṣoṣo máa gba gbogbo ẹsẹ̀. Sísún kóònù ní mítà méjì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ń fún koríko láyè láti hù padà, kò sì ní yí gígùn eré padà tí ẹ bá wọn ìyàtọ̀ tó mú wá, tí ẹ sì sún ibi ìbẹ̀rẹ̀ láti fi dí i. Ọgbà tó bá máa ń rọ̀ nígbà òtútù nílò ọ̀nà méjì: ti ẹ̀ẹ̀rùn lórí koríko, ti òtútù lórí ọ̀dà. Ibi ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀. Tí ìbẹ̀rẹ̀ bá tóóró, èrò 300 á bọ́ sórí koríko láàárín mítà 200 àkọ́kọ́, ibẹ̀ ló sì ń bàjẹ́ jù lọ. Kí ẹ ya fọ́tò igun kọ̀ọ̀kan láti ojú kan náà ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí eré tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, fọ́tò yẹn á sọ èyí tó jẹ́ ti asáré àti èyí tó jẹ́ ti ọkọ̀ tí ń gé koríko.

Ní ti owó, kíkọ̀ àti sísan nìkan kọ́ ni ọ̀nà tó wà. Káńsù tó ní àkọsílẹ̀ pé ènìyàn 300 ń lo ọ̀nà kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ẹ̀rí tó lágbára láti fi béèrè owó àtúnṣe lọ́wọ́ àwọn àjọ tó ń ṣètìlẹ́yìn fún eré ìdárayá. Èsì eré yín ni ẹ̀rí náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde fún wọn, ẹ bá wọn kọ ìwé náà. Bí èrò bá sì pọ̀ ju ohun tí ọgbà lè gbà lọ, kì í ṣe pé kí ẹ máa dá ènìyàn padà: ẹ ran àwọn mìíràn lọ́wọ́ láti dá eré tuntun sílẹ̀ ní ọgbà tó wà nítòsí. Òun ló ń gba èrò díẹ̀ kúrò láìsí pé ẹnikẹ́ni ń lé ẹnikẹ́ni.

Kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, kí àṣẹ wà lórí bébà ṣáájú Sátidé àkọ́kọ́: ọ̀nà tí ẹ máa gbà, àwọn ọjọ́ tí ẹ ò ní lo ọgbà láàárín ọdún, orúkọ ẹni tí ẹ máa pè bí igi bá wó, àti iye èrò tí ẹgbẹ́ méjèèjì máa tún jókòó lé lórí bí ó bá ti dé. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀, bíi 150, bíi 250. Kí olùdarí eré kọ nǹkan mẹ́ta sínú ìwé kó tó tú okùn: iye ọkọ̀ ní 8:55, igun tó di ẹrẹ̀, àti ẹni tó bá ráhùn pẹ̀lú ohun tó sọ gan-an. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ìwé yẹn lọ bá ẹni tó ń tọ́jú ọgbà, ì báà béèrè, ì báà má béèrè.